Yìnyín fẹ́ yọ́, odò ẹ̀yìn ilé ṣì dì gbagidi: kí ni ká ṣe kó tó di Ọjọ́bọ̀?

Àdùnní_SouthBuffalo | Ọjọ́ Ajé, 8:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ kú òtútù yìí.

Ìgbà ooru tó kọjá ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ ra ilé ní South Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York. Cazenovia Creek ló ń ṣàn lẹ́yìn ọgbà wa. Nígbà tí a wá wo ilé náà, omi odò yẹn kò ju kókósẹ̀ lọ, àwọn ọmọ ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ níbẹ̀. Báyìí, òtútù ti mú un dì láti etí kan dé ìkejì, yìnyín tún gúnwà lé e lórí. Wọ́n ní tó bá fi máa di Ọjọ́rú, ojú ọjọ́ á gbóná dé ìwọ̀n 50 Fahrenheit, òjò á sì tẹ̀lé e lálẹ́. Mo ti ń dúpẹ́ pé ara máa tù wá díẹ̀, ni aládùúgbò wa, bàbá òyìnbó kan tó ti dàgbà, bá kan ilẹ̀kùn. Ó ní kí a kó gbogbo ohun tó bá wà ní bésímẹ́ǹtì, yàrá abẹ́ ilé wa, gòkè, kí a má sì gbé mọ́tò sẹ́yìn ilé. Ó ní òun ò bẹ̀rù òjò, odò tó dì yẹn gan-an lòun ń bẹ̀rù.

Omíyalé tí a mọ̀ nílé, òjò àrọ̀ìrọ̀dá ló ń fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè là mí lóye? Báwo ni oòrùn ọjọ́ méjì ṣe máa gbé odò wọlé? Bésímẹ́ǹtì ni ẹ̀rọ amúlé-gbóná wa wà, ibẹ̀ náà ni mo kó ẹrù ìgbéyàwó àbúrò mi sí, òfì àti léèsì.

Jídé716 | Ọjọ́ Ajé, 9:05 àárọ̀

Àǹtí Àdùnní, ẹ kú oríire ilé tuntun o. Ẹ gbọ́ ti bàbá yẹn, kò sí àsọdùn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà ní agbègbè yìí. Àdúgbò kan wà ní West Seneca tí wọ́n ń pè ní Lexington Green, létí Buffalo Creek. Bí omi dídì bá há pẹ́nrẹ́n, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe omi nìkan ló ń wọ̀lú. Ègé omi dídì tó fẹ̀ tó tábìlì ìjẹun á wá jókòó sáàárín títì, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí aró tó ṣá. Mọ́tò tí kò bá tètè kúrò, ibẹ̀ ló máa wà títí katakata á fi wá ṣí ọ̀nà.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí oòrùn tàn yín.

Enjinia_Omi | Ọjọ́ Ajé, 10:22 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ odò ni mo fi ń jẹun, ẹ jẹ́ n gbìyànjú.

Odò tó dì kò dì délẹ̀. Òrùlé lásán ni omi dídì yẹn, omi ṣì ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá gbóná lójijì, yìnyín orí òkè, ti inú oko àti ti orí ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ pa pọ̀. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti dì, kò lè fa omi mu, nítorí náà odò ni gbogbo rẹ̀ ń gbà lọ tààrà. Òjò á tún bá a níbẹ̀. Omi á máa ga, á máa ti òrùlé yẹn sókè, títí yóò fi já létí méjèèjì, táá fọ́ sí wẹ́wẹ́, táá sì máa bá omi lọ.

Bí ó bá ń lọ, kò sí ìjà. Ìjà dé nígbà tó bá débi tí kò lè kọjá: òpó afárá, ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà, ibi tí kò ti jìn, tàbí ibi tí omi dídì ìsàlẹ̀ ò tíì fọ́. Ṣé ẹ ti rí èrò tó ń rọ́ jáde ní yídì lọ́jọ́ Iléyá, tí géètì kan ṣoṣo sì ṣí? Àwọn ẹ̀yìn ò mọ̀ pé iwájú ti há, wọ́n ṣáà ń tì bọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni omi dídì ṣe ń gun ara wọn, tí òmíràn sì ń rì sábẹ́ èkejì, títí wọ́n fi máa dí odò pa. Omi tí kò ríbi gbà á wá máa kún lẹ́yìn wọn. Ilé tó wà lókè ibi tó ti há, ìyẹn apá ibi tí odò ti ń ṣàn bọ̀, ni omi ń wọ̀, tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á máa rò pé odò ti fà.

Ti ọ̀dọ̀ yín wá le díẹ̀. Orí òkè apá gúúsù ni Cazenovia Creek ti ń bọ̀, eré ló ń sá. Bó bá ti dé South Buffalo, ilẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì fẹ́ wọnú Buffalo River, tí omi rẹ̀ bá adágún Erie dọ́gba. Omi ibẹ̀ kì í sáré, omi dídì rẹ̀ nípọn, kì í sì í tètè fọ́. Ẹ ti rí i: ohun tó ń sáré bọ̀ wá pàdé ohun tó dúró, ẹ̀yìn ilé yín sì ni wọ́n ti pàdé.

Nípa ìgbà tó yẹ ká fura, òdiwọ̀n kan wà tí àwọn National Weather Service, àjọ ojú ọjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ń lò. Bí omi dídì bá nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, tí ìpíndọ́gba ooru ọjọ́ sì fẹ́ tó 42 Fahrenheit tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a la ojú sílẹ̀. Ìpíndọ́gba ni mo wí o. Ẹ ro èyí tó ga jù lọ́sàn-án pọ̀ mọ́ èyí tó lọ sílẹ̀ jù lóru, kí ẹ pín in sí méjì. Bí ọ̀sán bá jẹ́ 50 tí òru padà sí 25, odò á tún rímú mí. Bí òru bá dúró ní 40, tí òjò tún wà níbẹ̀, ẹ má sùn wọra.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí omíyalé òjò nìyí: òjò, a lè ṣírò rẹ̀, ká sọ pé omi á dé afárá báyìí ní agogo báyìí. Ti omi dídì, kò sẹ́ni tó mọ afárá tó máa mú. Ìgbà tó bá sì há, ìṣẹ́jú la fi ń ka bí omi ṣe ń gòkè. Ní Montpelier, olú ìlú Vermont, March 11, 1992, Winooski River há láàárọ̀, kò tó wákàtí kan tí omi fi bo àárín ìlú. Àwọn tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ò ráyè gbé nǹkan kan gòkè.

BàbáẸlẹ́ja_Houston | Ọjọ́ Ajé, 12:10 ọ̀sán

Ẹ̀yin ará ìlú òtútù, ẹ kú ìyà o. Ṣé ìjọba ò lè da iyọ̀ sí i ni, bí wọ́n ṣe ń dà á sí títì? Àbí kí wọ́n ju bọ́ǹbù sí i kí gbogbo yín simi. Ṣebí Amẹ́ríkà lẹ wà.

Enjinia_Omi | Ọjọ́ Ajé, 12:48 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, iyọ̀ mélòó ló máa tó odò? Ẹja tí ẹ fi ń jẹ orúkọ á kú tán kí omi dídì tó fọ́.

Ti bọ́ǹbù, wọ́n ti dán an wò. Ní oṣù May 2001, Lena River há ní Rọ́ṣíà, ọkọ̀ òfurufú ológun gbéra, wọ́n ju bọ́ǹbù sí omi dídì. Omi ṣì bo ìlú Lensk. Bí ẹ bá fọ́ ọ lókè tí ìsàlẹ̀ ò là, ńṣe ni ẹ kàn ń ti ìyọnu sí ọ̀dọ̀ ará iwájú. Ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, ká lànà sílẹ̀ kó tó dé.

Ohun tí Buffalo ń ṣe nìyẹn. Ọkọ̀ ojú omi àwọn panápaná wọn, Edward M. Cotter, tí wọ́n kàn lọ́dún 1900, òun ló máa ń lọ fọ́ omi dídì ojú Buffalo River, kí ti Cazenovia lè rọ́nà gbà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn Army Corps of Engineers, ẹnjiníà ológun Amẹ́ríkà, ri òpó kọnkéré sínú Cazenovia Creek ní West Seneca. Iṣẹ́ òpó yẹn ni kí omi dídì há síbẹ̀, níbi tí omi ti ní pápá tó lè ya sí, dípò kó wá há sáàárín ilé onílé. Ó dín ewu kù gan-an. Àmọ́ omi dídì tó wà láti ibi òpó yẹn dé ẹ̀yìn ọgbà Àǹtí Àdùnní kò kọjá níbẹ̀, ibẹ̀ ló ti dì.

Jídé716 | Ọjọ́ Ajé, 1:30 ọ̀sán

Mo ti rí Cotter yẹn lẹ́nu iṣẹ́. Pupa fòò ni. Kì í fi imú gún omi dídì bí ẹ ṣe lè rò. Ó máa ń gun orí rẹ̀ ni, ìwúwo rẹ̀ á wá tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ariwo rẹ̀ á dé etí yín lórí afárá.

Ẹ jẹ́ n yà bàrá díẹ̀, ọ̀rọ̀ omi dídì agbègbè wa yìí pọ̀. Ní ìparí oṣù March 1848, omi dídì dí ẹnu adágún Erie, Niagara Falls sì gbẹ. Ìtàkìtì omi tí gbogbo ayé ń wá wò dákẹ́ fún ohun tó lé ní ọjọ́ kan, àwọn èèyàn ń rìn nínú ìsàlẹ̀ odò. Ní January 27, 1938, omi dídì kó jọ sí abẹ́ afárá ńlá kan tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, Honeymoon Bridge, ó tì í títí tí afárá náà fi wó lulẹ̀. Láti 1964 ni wọ́n ti ń na ọ̀wọ́ ìdènà tó léfòó kọjá lẹ́nu adágún yẹn lọ́dọọdún, kí omi dídì lè dúró sínú adágún.

Afárá irin o! Kí wá ni fẹ́ńsì ẹ̀yìn ilé?

Ìyá_Ìbejì_Winnipeg | Ọjọ́ Ajé, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ní Manitoba níbí, a kì í dúró dè é. Red River tiwa, àríwá ló ń ṣàn sí. Ẹ ro ó wò: apá gúúsù tí odò ti ń bọ̀ ló ń kọ́kọ́ gbóná, apá àríwá tó ń lọ ṣì dì. Ọdọọdún ni wàhálà yìí ń wáyé, nítorí náà láti February ni wọ́n ti ń kó ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Amphibex lọ sí apá Selkirk. Katakata tó ń léfòó ni. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ayùn gé ojú odò sí ilà-ilà, Amphibex á wá gun ún, á máa tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ọmọ mi kan fẹ́ràn rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ.

Síbẹ̀, ó ń há. Wọ́n kàn ń dín in kù ni.

FortMac_Àkànní | Ọjọ́ Ajé, 7:02 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fojú rí i sọ tiẹ̀.

Fort McMurray, ní Alberta ní Kánádà, ìparí April 2020. Kòrónà ti sé gbogbo wa mọ́lé. Athabasca River já, omi dídì rẹ̀ kó jọ tó nǹkan bíi kìlómítà 25. Ẹ tún un kà: kìlómítà 25. Clearwater River tó fẹ́ wọ inú rẹ̀ kò ríbi gbà, ó bá yíjú padà, ó wọ àárín ìlú. Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu lóòótọ́. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá èèyàn ló kó kúrò nílé.

Ilé alájà mélòó kan ni èmi ń gbé nígbà náà, mo rò pé òkè tí mo wà á gbà mí. Omi kò dé ọ̀dọ̀ mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni yàrá iná, ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rọ amúlé-gbóná, ìsàlẹ̀ ni mọ́tò. Gbogbo ilé kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni òórùn rẹ̀: ẹrẹ̀, epo mọ́tò àti ìdọ̀tí ṣaláńgá, pa pọ̀ mọ́ òtútù. Omi náà sì dúdú.

Àǹtí, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má retí kí ẹnikẹ́ni wá pè yín. Ẹ wa mọ́tò sórí òkè lálẹ́ Ọjọ́rú kí ẹ tó sùn. Ẹ kó ìwé àṣẹ ìgbélùú, páásípọ́ọ̀tù, ìwé ẹ̀rí ìbí àwọn ọmọ àti oògùn yín sínú báàgì kan, kó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò ní páásípọ́ọ̀tù ọmọ lọ́wọ́ nílùú onílùú, ẹ ti mọ bí ó ṣe máa ń rí.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti Ìbàdàn, ara mi bù máṣọ. A ò ní omi dídì, àmọ́ ẹni tó bá ti rí Ògùnpa ti mọ ìdí tí afárá fi ń pa ìlú. August 31, 1980. Òjò náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó há sẹ́nu afárá ló sọ ọ́ di ìjàǹbá: pàǹtí, igi, páànù, mọ́tò tí omi gbé. Omi tí ì bá kọjá yíjú sílé. Bàbá mi máa ń sọ pé àwọn tó dúró lórí afárá ń wòran wà nínú àwọn tó bá a lọ.

Nítorí náà Àǹtí, ẹ má lọ dúró lórí afárá kankan láti fi fóònù ya fídíò o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìsinsìnyí, fídíò ti fẹ́ pa yín.

Ṣégun_Scranton | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:33 àárọ̀

Ẹ fara balẹ̀ jàre. Gbogbo ọdún ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ yìí ń pariwo. Mo ti pẹ́ ní Pennsylvania, odò àdúgbò mi kì í ju kó fọ́, kó sì bá tiẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti ní ká kó ẹrù tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀? Ẹ̀yìn mi ló ń san án.

Màmá_Harrisburg | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:17 àárọ̀

Ṣégun ọmọ mi, Pennsylvania náà ni mo wà. Ṣé wọ́n ti sọ ti January 1996 fún ẹ? Yìnyín ńlá já ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn, ó bo mọ́tò mọ́lẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ooru dé, òjò dé, gbogbo rẹ̀ yọ́ lẹ́ẹ̀kan. Susquehanna River kó omi dídì rẹ̀ wá sí Harrisburg ní January 20, ó gba apá kan Walnut Street Bridge lọ. Afárá tó ti wà kí bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé Amẹ́ríkà! Ó gbé e léfòó lọ gbìrìgbìrì lu afárá kejì, tẹlifíṣọ̀n sì ń fi hàn. Títí dòní, àlàfo náà ṣì wà lágbede méjì odò, ẹ lọ wò ó.

Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Bí ẹ̀yìn bá ń ro ẹ́, pe àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n wá bá ẹ gbé e.

Ṣégun_Scranton | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:40 àárọ̀

Màmá, mo ti gbọ́. Ẹ̀yìn ṣì ń ro mí o.

Àdùnní_SouthBuffalo | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:05 ọ̀sán

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Òfì àti léèsì ti wà lórí ibùsùn wa báyìí, a ò mọ ibi tí a máa sùn.

Ìbéèrè méjì. Ìnṣọ́ráǹsì ilé wa, ṣé ó máa san bí omi bá wọlé? Ẹ̀ẹ̀kejì, báwo ni mo ṣe lè mọ̀ lóru bóyá odò ti ń ga, láìjẹ́ pé mo jáde lọ wò ó?

Yínká_Adójútòfò | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:20 ọ̀sán

Àǹtí, iṣẹ́ mi nìyí, mi ò sì fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ fún ẹni tí omi ti wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ìnṣọ́ráǹsì ilé tí báńkì ní kí ẹ ní, kì í san fún odò tó kún wọlé. Ọ̀tọ̀ ni ti omíyalé. Ti ìjọba àpapọ̀, NFIP, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà, ọgbọ̀n ọjọ́ sì ni ẹ máa dúró lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ti Ọjọ́bọ̀ yìí ti bọ́. Ẹ ṣì rà á, nítorí March ń bọ̀, yìnyín orí òkè ò tíì tán.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni ti bésímẹ́ǹtì. Àní bí ẹ bá ní NFIP, wọ́n á san fún ẹ̀rọ amúlé-gbóná àti ẹ̀rọ omi gbígbóná tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ, àga, kápẹ́ẹ̀tì, tẹlifíṣọ̀n tí ẹ kó sísàlẹ̀, wọn ò ní san kọ́bọ̀. Òfì yẹn, ibùsùn gan-an ni àyè rẹ̀.

Ẹ fi fóònù ya gbogbo yàrá ìsàlẹ̀ lónìí, kí nọ́ḿbà ẹ̀yìn ẹ̀rọ hàn dáadáa.

Tóyìn_Ayálégbé | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:11 ọ̀sán

Àwa ayálégbé ńkọ́? Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni mo háyà. Mo bi onílé mi léèrè, ó ní odò kò débẹ̀ rí. Mo wá rí ilà ẹrẹ̀ lára ògiri lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó tó orúnkún mi.

Yínká_Adójútòfò | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:30 ọ̀sán

Àbúrò, ya fọ́tò ilà yẹn. Ayálégbé lè ra NFIP fún ẹrù ara rẹ̀ nìkan, ó tó $100,000 tó ga jù. Àmọ́ òfin bésímẹ́ǹtì tí mo sọ lókè mú ẹ pẹ̀lú, nítorí náà bi wọ́n dáadáa kó o tó sanwó. Lálẹ́ Ọjọ́rú, má sun yàrá yẹn. Lọ sun ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́.

Enjinia_Omi | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:45 ìrọ̀lẹ́

Lórí ìbéèrè kejì: àwọn USGS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń wọn odò, ní ẹ̀rọ tó ń wọn Cazenovia Creek ní Ebenezer, àdúgbò kan ní West Seneca, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé iye omi tó ń kọjá tí wọ́n ń kọ síbẹ̀, omi dídì máa ń da ìṣírò yẹn rú. Gíga omi ni kí ẹ máa wò. Bí ilà rẹ̀ bá ń gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yíyọ́ lásán ni. Bí ó bá fò sókè lójijì bí ẹni gun ògiri, ó ti há níbì kan nísàlẹ̀ ẹ̀rọ náà. Bí ó bá sì jábọ́ lójijì, ẹ má yọ̀ tètè: ó lè jẹ́ pé ó ti há lókè, ó lè jẹ́ pé èyí tó há nísàlẹ̀ ló ti já, tí gbogbo omi tó kó pamọ́ sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó wà níwájú. Ẹ̀yin lẹ wà níwájú Ebenezer.

Ẹ forúkọ sílẹ̀ sí NY-Alert, ètò ìkìlọ̀ ìpínlẹ̀ New York, kí fóònù yín lè dún. Ẹ má pa fóònù lóru.

Bí omi bá ti wọ bésímẹ́ǹtì tó dé ibi ihò iná, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ mọ́, kódà bí ẹ bá rántí pé ẹ gbàgbé góòlù síbẹ̀. Ẹ pa iná láti páńẹ́ẹ̀lì nígbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì gbẹ. Bí ẹ bá ní jẹnẹrétọ̀, ìta ló ń gbé, jìnnà sí fèrèsé. Ẹ má ṣe é bíi ti ilé, èéfín rẹ̀ ń pani nínú ilé tí wọ́n ti dí pa nítorí òtútù.

Ìyá_Ìbejì_Winnipeg | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:20 alẹ́

Ẹ fi ti Badger kún un, ní Newfoundland, February 2003. Omi dídì há, omi wọ ìlú kékeré yẹn, wọ́n kó gbogbo ará ìlú kúrò. Òtútù líle tún wá padà dé kí omi tó fà, ó bá dì yí ilé ká. Mọ́tò wà nínú rẹ̀ títí dé fèrèsé. Wọn ò lè padà wọlé kíákíá nítorí ilẹ̀kùn ò ṣe é ṣí. Nítorí náà, bí ẹ bá máa jáde, ẹ múra bí ẹni tí kò ní padà lọ́la.

Àdùnní_SouthBuffalo | Ọjọ́rú, 9:50 alẹ́

Mọ́tò ti wà lórí òkè níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Báàgì wà lẹ́nu ọ̀nà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ooru ṣì jẹ́ 47. Yìnyín orí odò ti di omi eléérú, mo ń rí i láti fèrèsé òkè. Bàbá àwọn ọmọ ní òun fẹ́ lọ wò ó nítòsí, mo fi kọ́kọ́rọ́ pa mọ́.

Àdùnní_SouthBuffalo | Ọjọ́bọ̀, 4:36 ìdájí

Ó ti fọ́. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ dún gbòlà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, a rò pé mọ́tò ló kọlu igi. Lẹ́yìn náà ló wá ń lọ wùrùwùrù, ó ń ha ara, ilẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Gbogbo wa ti jí. Bàbá aládùúgbò ti tan iná ìta rẹ̀. Omi wà ní ẹsẹ̀ fẹ́ńsì.

Jídé716 | Ọjọ́bọ̀, 4:41 ìdájí

Ẹ jáde nísinsìnyí tí títì ṣì gbẹ. Ẹ gba ọ̀nà òkè, ẹ má gba ti afárá. Ilé wa ṣí sílẹ̀, ẹ mọ ibẹ̀, ìyàwó mi ti ń gbé omi kaná.

Àdùnní_SouthBuffalo | Ọjọ́bọ̀, 11:20 àárọ̀

A wà lọ́dọ̀ Jídé. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bàbá aládùúgbò pè, ó ní omi dídì há sí kọ́nà tó wà nísàlẹ̀ wa fún bíi wákàtí kan, omi gòkè dé àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, ó wá já, ó sì lọ. Bésímẹ́ǹtì gba omi díẹ̀ láti ara ògiri, pọ́ǹpù ń fà á. Ẹ̀rọ amúlé-gbóná kò kú.

Fẹ́ńsì lọ pátápátá. Ègé omi dídì mẹ́ta wà láàárín ọgbà, ọ̀kan ga ju ọmọ mi àgbà lọ. Ṣé kí n pe ẹni tó máa wá kó wọn? Ṣé NFIP tí mo fẹ́ rà báyìí máa wúlò fún fẹ́ńsì lọ́jọ́ mìíràn?

Enjinia_Omi | Ọjọ́bọ̀, 11:52 àárọ̀

Ẹ kú ewu o! Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n yọ́, owó lásán ni ẹ máa ná. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àwọn ọmọ gùn wọ́n, wọ́n máa ń yí lójijì bí abẹ́ wọn bá ti yọ́. Omi dídì tó wà lókè òpó West Seneca ò tíì kọjá, nítorí náà mọ́tò ṣì ń sun ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lálẹ́ òní.

Yínká_Adójútòfò | Ọjọ́bọ̀, 12:15 ọ̀sán

Ẹ kú ewu, ẹ kú àmójúbà. Rárá, fẹ́ńsì kò sí nínú rẹ̀. Ilé àti ohun inú ilé nìkan. Ẹ ṣì ra ìnṣọ́ráǹsì náà lónìí, kí ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà.